Ẹ Má Kánjú Fọwọ́ Kan Géèmù Tí Olóògbé Kò Parí

Bí ẹni tó ń ṣe géèmù kọ̀ǹpútà bá jáde láyé, tí èyí tó ń ṣe lọ́wọ́ kò sì tíì parí, ẹ̀bẹ̀ mi àkọ́kọ́ sí àwọn ará ilé rẹ̀ ni pé kí wọ́n má tíì ta kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kí wọ́n má fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Kí wọ́n má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò bá wọn fọ̀ ọ́ mọ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ní ọjà èyíkéyìí. Láàárín ọjọ́ ìsìnkú sí ogójì ọjọ́, nígbà tí ilé ṣì kún fún èrò, tí ojú gbogbo èèyàn pọ́n fún ẹkún, iṣẹ́ tí ẹnì kan fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe lè di àwátì. Ẹni tó ṣe é lè má sì ní ibi kankan nínú. Ó lè jẹ́ àbúrò olóògbé tó fẹ́ lo láàpútọ́ọ̀pù náà fún ilé ẹ̀kọ́, tó ní kí wọ́n bá òun nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò kó lè máa yára. Ó rò pé fọ́tò àti fíìmù ló wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ti iléeṣẹ́ ńlá kọ́ ni mò ń sọ. Bí òṣìṣẹ́ kan bá kú níbẹ̀, ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ mọ ibi tó bá a dé, ẹlòmíràn yóò sì jókòó sórí àga rẹ̀ láìpẹ́. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ẹni kan ṣoṣo, tàbí ẹni méjì mẹ́ta, tó ń fi owó ara rẹ̀ ṣe géèmù lóru lẹ́yìn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Òun ló ń ya àwòrán, òun ló ń kọ kóòdù, òun ló ń ronú ìtàn. Nǹkan yìí kò sì jìnnà sí wa. Láti 2012 ni Maliyo Games ti ń ṣe géèmù l'Ékòó, àwọn ọ̀dọ́ tó ń dá tiwọn ṣe nínú yàrá kò sì ṣòroó rí mọ́ láàárín wa. Orí ẹnì kan ni gbogbo ìmọ̀ iṣẹ́ irú wọn wà. Bí orí yẹn bá lọ, ohun tó kù kò ju fáìlì lọ, àti àwọn tí wọ́n nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ fi Mike Singleton ṣàlàyé, nítorí pé nínú gbogbo irú ọ̀rọ̀ yìí tí mo mọ̀, tirẹ̀ ló kọ́ wa jù. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, tíṣà sì ni kó tó di ẹni tó ń ṣe géèmù. Ní 1984 ó gbé The Lords of Midnight jáde fún kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ZX Spectrum. 48 kilobyte ni gbogbo àyè ìrántí kọ̀ǹpútà náà. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ bá fi fóònù yà lónìí ju ìyẹn lọ fíìfíì. Síbẹ̀ Singleton kó odindi ilẹ̀ kan sínú rẹ̀, nǹkan bí 4,000 ibùdó. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣeré, ẹ ó bá ara yín lórí yìnyín funfun lábẹ́ ojú ọ̀run aláwọ̀ búlúù, òkè wà lọ́ọ̀ọ́kán, igbó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀nà mẹ́jọ lẹ lè kọjú sí. Bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ síwájú, òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á tóbi sí i, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á wá yọjú. Kò sí àyè láti ya àwòrán wọ̀nyẹn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ńṣe ni Singleton kọ́ kọ̀ǹpútà náà láti máa wo máàpù, kó sì máa ya ohun tí ẹni tó dúró síbi pàtó yìí, tó kọjú síbi pàtó yìí, yẹ kó rí. Ọ̀nà méjì ló fi sílẹ̀ láti borí: kí Luxor, akọni inú rẹ̀, kó ogun jọ láti gba odi ọ̀tá, tàbí kí ọmọ rẹ̀, Morkin, yọ́ kẹ́lẹ́ lọ ba Adé Yìnyín jẹ́.

Nígbà tó pẹ́, òun àti Chris Wild pawọ́ pọ̀ láti ṣe ẹ̀dà tuntun fún fóònù. Ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìgbà náà ni Wild, tó ń kọ kóòdù, ti gbé géèmù yìí sórí kọ̀ǹpútà PC nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ara Singleton kò yá, iṣẹ́ dúró. Ní oṣù kẹwàá 2012 Singleton kú. Wild padà sídìí iṣẹ́ náà, ẹ̀dà tuntun sì jáde ní oṣù kejìlá ọdún kan náà.

Oṣù méjì yẹn máa ń tan àwọn èèyàn jẹ. Wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á ní ohun tí Wild ṣe, àwa náà lè ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wild ti mọ kóòdù 1984 tinú tẹ̀yìn kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń ṣàìsàn. Ó ti bá Singleton ṣiṣẹ́ pọ̀, ó ti bi í léèrè, ó ti gbọ́ ìdáhùn láti ẹnu rẹ̀. Géèmù tí wọ́n ń tún ṣe náà sì ti parí láti ọdún gbọ́nhan. Bí ohun kan bá rú u lójú, yóò ṣí ti àtijọ́ wò. Ẹ wá wo apá kẹta ìtàn kan náà, The Eye of the Moon, tí Singleton ti ń gbèrò rẹ̀ láti ayé Spectrum. Èyí kò jáde títí ó fi kú. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ parí rẹ̀ lónìí kò ní ti àtijọ́ kankan tó lè ṣí wò. Orúkọ Singleton ni yóò wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n orí ẹlòmíràn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò ti wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti olólùfẹ́, kí ẹ tó kéde fún gbogbo ayé pé ẹ óò parí iṣẹ́ olóògbé, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: kí la gbọ́ lẹ́nu rẹ̀? Kì í ṣe ohun tí ẹ rò pé ó ní lọ́kàn. Ohun tó sọ, tó kọ, tó yà, tó fi ránṣẹ́ ni mò ń bi yín.

Ará Japan kan, Kouji Mori, mọ ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn dáadáa. Kentaro Miura tó ń ya ìtàn alápèjúwe Berserk kú ní oṣù karùn-ún 2021, ìtàn náà kò sì tíì parí. Mori, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama, ti gbọ́ bí ìtàn náà yóò ṣe já sí láti ẹnu Miura fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ikú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ Miura tún gbé kálámù ní oṣù kẹfà 2022, tí Mori ń bójú tó wọn, Mori sọ fún àwọn òǹkàwé ní gbangba pé ohun tí Miura sọ fún òun nìkan ni òun yóò kọ, pé òun kò ní bù mọ́ ọn, pé ohun tí kò bá dá òun lójú, òun kò ní fi sí i. Mo gba àwọn tó bá fẹ́ parí géèmù ẹlòmíràn níyànjú pé kí wọ́n ṣe irú ìlérí yẹn ní gbangba, kí wọ́n sì dúró lórí rẹ̀.

Olóògbé mìíràn sì wà tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni parí ohunkóhun. Òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì Terry Pratchett kú ní oṣù kẹta 2015. Ìfẹ́ rẹ̀ ni pé kí wọ́n ba àwọn ìwé tí òun kò parí jẹ́. Ní oṣù kẹjọ 2017, Rob Wilkins tó ń bójú tó ogún rẹ̀ gbé háàdì díráìfù tí wọ́n wà nínú rẹ̀ lọ síbi àjọ̀dún ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ní Dorset, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ńlá àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì gùn ún. Ó lè dun ẹni tó fẹ́ràn ìwé rẹ̀, ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n Wilkins ṣe ohun tó yẹ kó ṣe, mi ò sì lè fara mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní ìfẹ́ òǹkàwé ju àṣẹ òkú lọ.

Bí olóògbé kò bá wá sọ ohunkóhun ńkọ́? Géèmù náà ti di ogún nìyẹn, ogún sì ní ẹni tó ni í. Òfin Kọ́píráìtì ti 2022 ní Nàìjíríà ka kóòdù kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ ìwé kíkọ, ó sì fún un ní ààbò fún 70 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ kú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Britain. Ti Singleton ń bọ̀ wá parí ní ìparí 2082. Pé ẹni náà kú kò sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Pé kò parí kò sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Pé ó ti fún yín ní ẹ̀dà kan nígbà kan rí kí ẹ bá òun dán an wò, ìyẹn náà kò sọ ọ́ di tiyín.

Níbi tí kò bá sí wíìlì, ọ̀rọ̀ á di ti ẹbí, ẹ̀yin náà sì mọ bó ti ń rí. Àwọn kan á ní ìdí-igi ni ká fi pín in, àwọn kan á ní orí-ò-jorí. Ìyàwó wà níbẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀, ìyá wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó san owó ilé ẹ̀kọ́ olóògbé náà wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn lè fi inú dídùn sọ fún yín lórí fóònù pé kí ẹ máa bá a lọ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Òfin wa kò ka gbígbé irú ẹ̀tọ́ yìí fún ẹlòmíràn sí àfi bó bá wà ní kíkọ. Ẹ béèrè ẹni tí wíìlì yàn tàbí ẹni tí kóòtù fún níwèé láti bójú tó ogún náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àdéhùn yín yóò ti wá, kí lọ́yà sì kà á kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Bí ẹbí bá ṣì ń bá ara wọn jà lórí ogún, ẹ dúró. Mo mọ̀ pé ìdúró yẹn lè pẹ́. Ẹni tó bá kó oṣù púpọ̀ sórí géèmù tí ẹbí kan sì wá gbé e lọ sí kóòtù yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má sì gbé ìwé àdéhùn dání lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ lọ kí wọn ná. "Màmá, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọ̀rẹ́ ọmọ yín ni wá. Iṣẹ́ kan wà tó ń ṣe lọ́wọ́, a fẹ́ kí ẹ rí i." Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ní ẹ̀dà tó fún yín, ẹ ṣí i fún wọn. Ó ṣeé ṣe kí ìyá náà má tíì rí i rí. Ohun tó mọ̀ ni pé ọmọ òun kì í sùn lóru, pé iná yàrá rẹ̀ kì í kú. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì tí ọmọ inú géèmù náà fi ń rìn. Ẹ jẹ́ kó béèrè ohun tó bá fẹ́. Bó bá sọ pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì pe àwọn èèyàn láti máa rọ̀jò ọ̀rọ̀ lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún ìyàwó tàbí ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọdé sí yín.

Ohun mìíràn tó máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ ogún ni àwọn tó bá olóògbé ṣe apá kan. Ta ló kọ orin inú rẹ̀? Ta ló ya ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀? Bí olóògbé bá gbé iṣẹ́ náà fún ayàwòrán kan, tó sì sanwó fún un láìkọ ìwé kankan, ayàwòrán yẹn ló ṣì ni ẹ̀tọ́ lórí àwòrán náà, nílẹ̀ wa níhìn-ín àti ní Britain. Ẹbí kò lè fún yín ní ohun tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ wá gbogbo wọn kàn.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí àwọn àkáǹtì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rere ti ń di arúfin láìmọ̀. Bí ẹ bá mọ páásíwọ̀ọ̀dù olóògbé, ẹ má fi wọlé. Nígbà tó wà láàyè, àṣẹ rẹ̀ lẹ fi ń wọlé. Àṣẹ yẹn kò sí mọ́. Òfin Nàìjíríà ti 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà lè ka wíwọlé láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀, ti Britain ti 1990 náà sì kà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó ogún ni kó kọ̀wé sí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó fi ẹ̀rí ikú àti ìwé kóòtù sí i. Ó le, ó sì ń gba àkókò. Bí ìwé náà ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ẹ máa ṣọ́ ohun tó lè gbọ́n dànù. Síìmù olóògbé ṣe pàtàkì jù: orí nọ́ńbà yẹn ni kóòdù ìwọlé sí ọ̀pọ̀ àkáǹtì rẹ̀ ń wá, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì lò ó fún 180 ọjọ́, iléeṣẹ́ tẹlifóònù lè pa á, kó sì di ti ẹlòmíràn nígbà tó bá yá. Kí ẹbí máa ra káàdì díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì máa lò ó. Google lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá lò fún ọdún méjì rẹ́. Ẹni tó bá ń fi géèmù sí App Store ń san 99 dọ́là lọ́dọọdún fún Apple. Bí owó náà kò bá wọlé mọ́, géèmù á kúrò lórí àtẹ. Orúkọ ojú òpó rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ń béèrè owó ọdọọdún, bí owó yẹn bá sì já, ẹnikẹ́ni lè rà á, kó sì jókòó sábẹ́ orúkọ òkú. Àìsí nílé ológbò, ilé dilé èkúté.

Lórí kọ̀ǹpútà gan-an, bí ẹni tó ni í bá ti yọ̀ǹda, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ pátá, sórí díráìfù méjì, kí ọ̀kan máa gbé ilé mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, orí ẹ̀dà ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́. Ẹ má tún fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́. Bí láàpútọ́ọ̀pù náà bá ní kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ìyẹn ètò tó ti díráìfù rẹ̀ pa, wá, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í méfò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ká bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun. Ó ṣeé ṣe kí kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú àkáǹtì Microsoft rẹ̀. Ẹ má sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọdún púpọ̀ kí ẹ máa rò pé ó wà ní ìpamọ́: díráìfù SSD tí iná kò kàn fún ìgbà pípẹ́ lè pàdánù ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ óò ṣí fóldà rẹ̀, ẹ óò sì bá fáìlì tó ń jẹ́ final, òmíràn tó ń jẹ́ final2, òmíràn tó ń jẹ́ final_gan. Ẹ má gba orúkọ gbọ́. Ẹ wo ọjọ́ tó fọwọ́ kàn wọ́n kẹ́yìn, bó bá sì lo Git tó ń ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà, ẹ ka ìtàn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ló ti ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: ohun tó tún ṣe, ohun tó yọ kúrò, ohun tó bà á lọ́kàn jẹ́. Bó bá jẹ́ Unity, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ géèmù, ló fi ṣe é, fáìlì kékeré kan wà nínú fóldà ProjectSettings tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ProjectVersion.txt. Ẹ ṣí i. Ìlà kan tàbí méjì péré ló wà níbẹ̀, ó sì ń sọ irú ẹ̀dà Unity tó lò gan-an. Ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ lọ wá. Bí ẹ bá fi ti tuntun ṣí géèmù náà, yóò béèrè bóyá kó yí gbogbo fáìlì padà sí ti òde òní. Ẹni tó bá yára tẹ bẹ́ẹ̀ ni lórí ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù ti ba nǹkan jẹ́ tí kò ní lè tún ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Godot, ètò mìíràn bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀dà kẹta rẹ̀ àti ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ kò gbédè ara wọn dáadáa. Kí ẹ sì kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, kí ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé àkọsílẹ̀, bébà tó ya máàpù sí, ọ̀rọ̀ ohùn tó fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp nígbà tí èrò kan sọ sí i lọ́kàn lóru. Ẹ kó gbogbo wọn jọ, ẹ kọ ọjọ́ sára wọn. Àwọn wọ̀nyí ni ẹ óò máa bi ní ìbéèrè nígbà tí ẹni tó mọ ìdáhùn kò sí mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń gbọ́ ìròyìn náà láti òkèèrè, mo ní ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin náà. Bí ìròyìn irú ikú bẹ́ẹ̀ bá jáde, àwọn oníjìbìtì náà ń gbọ́ ọ. Ẹnì kan lè yọ jáde pẹ̀lú ohun tó pè ní ẹ̀dà ìkẹyìn tí olóògbé ṣe, kí ẹ wà á sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yín, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí yóò jí páásíwọ̀ọ̀dù báǹkì yín. Ẹlòmíràn lè ní òun ń gba owó láti parí iṣẹ́ náà ní orúkọ rẹ̀. Ẹ má sanwó, ẹ má sì wa nǹkan kan sílẹ̀, àfi bí ẹbí tàbí ẹni tó ń bójú tó ogún bá ti sọ ọ́ síta fúnra wọn, níbi tí olóògbé fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Fọ́tò ìsìnkú tí ẹnì kan fi sí ìkéde rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ìbínú máa ń gbà mí nígbà tí mo bá ń ronú nípa irú owó àánú bẹ́ẹ̀, torí pé ọwọ́ àwọn ọmọdé tó fẹ́ràn géèmù náà ni wọ́n ti ń gbà á.

Nígbà tí iṣẹ́ bá wá bẹ̀rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí ààlà hàn láàárín ohun tó ṣe àti ohun tí ẹ ṣe. Kí ó wà nínú géèmù náà, níbi tí ẹni tó ń fi ṣeré ti lè rí i: títí dé ibí yìí ni ọwọ́ rẹ̀ dé, láti ibí yìí lọ, àwa ni. Ní ti Berserk, orúkọ Miura ló ṣáájú gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni iṣẹ́, orúkọ àwọn tó ń yà á nísinsìnyí tẹ̀ lé e, ti Mori tó ń bójú tó wọn náà wà níbẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ bó ṣe fẹ́ kó parí, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti má parí rẹ̀. Ẹ tún àṣìṣe tó ń mú kó kú lójijì ṣe, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ti kọ́ ṣí, kí ẹ sì gbé e jáde bó ti wà, pẹ̀lú àlàyé pé ibí ló dé. Lójú tèmi, géèmù ìlàjì tí ó jẹ́ tirẹ̀ tán sàn ju odindi tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó ni í. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ ṣe àdàkọ ohùn rẹ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ tí kò sọ rí. Kò sí ẹbí tó yẹ kó máa gbọ́ ìyẹn láti inú kọ̀ǹpútà.

Owó náà ńkọ́? Kí ó ti wà nínú ìwé kí géèmù tó jáde: iye tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹbí, iye tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣiṣẹ́, ẹni tí yóò máa ṣe ìṣirò rẹ̀, àti ẹni tí yóò máa tún géèmù náà ṣe bí ó bá bàjẹ́ lọ́dún mẹ́ta òní. Ibi ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ìfẹ́ ti ń tutù.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà láàyè tí ẹ ń ṣe géèmù lóru, ọwọ́ yín ni gbogbo wàhálà yìí wà jù. Ẹ wo ohun tí iléeṣẹ́ Tiny Speck ṣe. Nígbà tí géèmù wọn, Glitch, kú ní 2012, wọn kò jẹ́ kó kú sí àpótí. Ní 2013 wọ́n gbé àwọn àwòrán rẹ̀ àti apá kan nínú kóòdù rẹ̀ síta fún gbogbo ayé láti lò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kò ní béèrè nǹkan kan. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́ láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Iléeṣẹ́ tó ṣì wà láàyè ló ṣe ìyẹn. Òkú kò lè ṣe é.

Apple ti jẹ́ kí ẹ lè yan ẹni tí yóò rí ohun yín gbà lẹ́yìn ikú yín láti ìparí 2021. Google ní irú rẹ̀ láti 2013. GitHub, ibi tí ọ̀pọ̀ ń kó kóòdù sí, náà jẹ́ kí ẹ yan ẹni tí yóò rọ́pò yín lórí kóòdù yín tó wà ní gbangba. Kò gba ìṣẹ́jú púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ibi tí ẹ̀dà géèmù yín wà sí i, àti irú ẹ̀dà Unity tàbí Godot tí ẹ lò, àti orúkọ gbogbo ẹni tó bá yín ṣe apá kan pẹ̀lú àdéhùn tí ẹ bá a ṣe. Kí ẹ kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: ẹ parí rẹ̀, tàbí ẹ gbé e jáde bó ti wà, tàbí ẹ bà á jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé kí wọ́n parí rẹ̀ ni, ẹ dárúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ kí ó parí rẹ̀, kí ẹ sì sọ bí ìtàn náà yóò ṣe já sí fún un nísinsìnyí. Kí ẹ rí lọ́yà kí ẹ lè fi ọ̀rọ̀ náà sínú wíìlì. Ẹ fún ìyàwó, ọkọ, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín ní ẹ̀dà bébà yẹn lọ́wọ́. Ẹ má fi í sínú kọ̀ǹpútà nìkan, torí inú kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ni wọn kò ní rí ọ̀nà wọ̀.